Pápá Tí Mo Kọ̀ Láti Yàn

Mọ́ńdè, 4 oṣù Kẹta

Iye ìṣísẹ̀ ni mo ra ìwé yìí fún. Iwájú rẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí: láti òkúta funfun dé ihò, ìṣísẹ̀ mélòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀yìn ni n ó máa kọ èyí sí, nítorí Vicenta ìyàwó mi kì í ṣí ìwé láti ẹ̀yìn.

Àwa agbápò, tí à ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, ṣèpàdé lónìí ní àgbàlá Filemón ní Chapala. Ìdíje tiwa ti ń bọ̀, èyí tí à ń ṣe ní Mọ́ńdè kan ṣoṣo lọ́dún kí òjò tó dé, nígbà tí àwọn olówó bá ń sinmi. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ á gbé àpò fún ẹnìkejì rẹ̀ lọ́sàn-án. Tọdún yìí, Don Eleuterio, àgbà agbápò wa, la fẹ́ fi yẹ́ sí. Ó ń pé ọgọ́rin ọdún nínú oṣù Karùn-ún, orúnkún rẹ̀ sì ti ń kọ̀ fún un. Ó ní èyí ni òun máa gbá kẹ́yìn.

Filemón, tó jẹ́ olórí wa, ní kí n lọ yẹ pápá mẹ́ta wò, kí n wá sọ èyí tó dára jù: Las Ánimas lẹ́bàá ọ̀gbun ní àríwá Guadalajara, Alcaravanes láàárín àwọn ilé ńlá lójú ọ̀nà ìlú, àti El Sauz létí adágún, níbi tí èmi fúnra mi ń ṣiṣẹ́.

"El Sauz ò ní ká wò ó," mo ní. "Koríko rẹ̀ ti kú."

Filemón wò mí. "Nabor, ṣé ìkòkò tí o fi ń sebẹ̀ lo ń tutọ́ sí yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá ní Don Eleuterio kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa ju ẹyọ kan lọ, pé El Sauz ni òun fẹ́. Ọdún méjìlélógún rèé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ ibẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. Mo ń wo bàtà mi.

Sátidé, 9 oṣù Kẹta

N ó kọ ọ́ lónìí.

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ihò keje ní El Sauz. Ẹnjiníà Cordero ni mo ń gbé àpò fún. Don Eleuterio ń gbé ti ẹni tí Cordero ń bá díje. Bọ́ọ̀lù Cordero wọ inú esùsú létí omi. Ṣòkòtò mi ní ihò nídìí àpò, bọ́ọ̀lù mìíràn tó ní àmì kan náà sì wà nínú àpò ọ̀hún. Mo jẹ́ kó yọ̀ gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ́ sórí koríko, mo sì kígbe pé mo ti rí i. Cordero kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Mo kàn ń fẹ́ kó máa pè mí ni, kó má pe ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nínú esùsú, níbi tí Don Eleuterio dúró sí. Bọ́ọ̀lù méjì, àmì kan. Wọ́n ní òun ló ju ìkejì síbẹ̀ láti ba ìdíje jẹ́ mọ́ Cordero lọ́wọ́. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àsíá ihò wà lọ́wọ́ mi. Mo dì í mú bí ẹni tó ń di òpó ilé mú, mi ò sọ̀rọ̀.

Wọ́n lé e níbẹ̀, wọ́n bọ́ ẹ̀wù nọ́ńbà tí agbápò fi ń ṣiṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ńbà kẹrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni wọ́n gbé e fún. Òun náà ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

 

Sátidé, 16 oṣù Kẹta

Las Ánimas. Bọ́ọ̀sì méjì, wákàtí méjì àti ààbọ̀. Àwọn igi jakaránda ti tú òdòdó sílẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà ìlú, gbogbo ilẹ̀ pọ́n bí àlùkò.

Pápá náà rẹwà, ṣùgbọ́n òkè ni. Ihò kẹrin, ńṣe lèèyàn á máa gùn ún bí ẹni tó ń gun àkàbà. Mo jókòó lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Alábòójútó àwọn agbápò ibẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gumaro, fún mi lómi.

"Ta lẹ fẹ́ ṣe é fún?"

"Don Eleuterio."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ẹ fẹ́ mú un padà wá síbí? Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi gbé àpò gun òkè yìí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó ti máa ń dé láti ẹ̀bá adágún yín. Òkè tí ẹ̀ ń wò yìí ló jẹ orúnkún rẹ̀."

Mi ò mu omi náà tán. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ka iye ọdún náà léraléra. Ṣé mo lè sọ pé mi ò mọ̀? Mo mọ̀ pé ó ń wọ bọ́ọ̀sì ìdájí. Mo máa ń rí i ní ibùdókọ̀, èmi a sì gba ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá.

Mọ́ńdè, 25 oṣù Kẹta

Alcaravanes. Kí n sọ òótọ́: orí mi wú. Akọ̀wé wọn, obìnrin oníwèé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Licenciada Urrutia, mú mi jókòó nínú yàrá tútù, ó gbé omi fún mi nínú gíláàsì, ó ń pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Nabor. Ó ní àwọn á gbà wá ní Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún. Pápá náà tẹ́jú bí ọpọ́n. Mo fẹsẹ̀ rin ihò méjìdínlógún, mo kà á, mo kọ ọ́.

Ọkùnrin kan wa ọkọ̀ kékeré wọn kọjá lára mi, ó dúró. "Ṣé ọkọ̀ yín bàjẹ́ ni?"

"Rárá, sà, mò ń rìn ni."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ló ń bá mi ṣe.

Mọ́ńdè, 1 oṣù Kẹrin

Mo jíṣẹ́ fún wọn lónìí. Mo ní Las Ánimas á pa bàbá. Òótọ́ ni. Mo ní Alcaravanes tẹ́jú, ó tútù, ó dára fún orúnkún. Òótọ́ ni. Filemón wá ní, "El Sauz ńkọ́?" Mo ní àrùn ti mú koríko ihò kẹsàn-án, ó ti pọ́n, wọ́n á tì í pa láìpẹ́. Ẹnu mi sọ ọ́ geere, bí ẹni tó ń ka ìwé. Òótọ́ méjì, irọ́ kan láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ èwo lèwo.

Wọ́n mú Alcaravanes. Filemón lọ sọ fún Don Eleuterio. Ó ní ohun tí bàbá fi dáhùn kò ju "Ó dáa" lọ, ó sì padà sídìí ẹja tó ń sá sóòrùn.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹrin

Ooru. Èéfín iná orí òkè bo adágún, a kò rí òdìkejì. Òroǹbó wẹ́wẹ́ ti di ogójì peso kílò kan. 

Ọjọ́rú, 17 oṣù Kẹrin

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Gbogbo Guadalajara ti ya wá sétí omi. Mo ti gbé àpò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹsẹ̀ mi wú.

Mo pàdé Don Eleuterio níwájú ìsọ̀ tortilla, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ. Kò sí ẹ̀yìn ilé tí mo lè gbà mọ́. Mo kí i.

"Nabor, wọ́n ní kí n mú ẹni tó máa gbé àpò fún mi. Ìwọ ni n ó mú."

"Èmi kẹ̀, Don Eleuterio? Ṣebí ẹ ní ọmọ lọ́wọ́, ẹ ní àna."

"Ọmọ mi ò lè ka ìṣísẹ̀ láti ibí dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Ojú mi ò rí àsíá mọ́. Ẹni tí mo bá lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ ni mo nílò."

Ó ra ìdajì kílò, ó fún mi ní tortilla gbígbóná kan bí a ṣe máa ń fún ọmọ ilé, ó tiro lọ. Mo mú un lọ́wọ́ títí ó fi tutù.

Mọ́ńdè, 29 oṣù Kẹrin

Ojú tì mí lónìí, ó tì mí gan-an.

Lẹ́tà Alcaravanes dé. Filemón kà á sókè ní àgbàlá rẹ̀. Wọ́n kí wa, wọ́n yọ̀ fún wa, wọ́n wá ní kí a rántí òfin pápá: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀, méjì méjì, àpò á sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Wọn kò gba agbápò láyè.

Obdulia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun nìkan ni obìnrin láàárín wa, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti gbogbo wa lọ.

"Ìdíje agbápò níbi tí wọn kì í ti í gbé àpò. Ṣé ọkọ̀ náà la máa gbé sórí ni?"

"Nabor," Filemón ní, "ọgbọ̀n ọdún lo ti ń gbé àpò. O rin pápá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O ò béèrè bóyá wọ́n ń rìn níbẹ̀?"

Mi ò béèrè. Báwo ni ǹ bá ṣe béèrè? Mo rí àwọn ọkọ̀ náà, mo rò pé ti àwọn ọ̀lẹ ni. Ta ló máa ń béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ nílé rẹ̀? Mo rántí ọkùnrin tó ní ṣé ọkọ̀ mi bàjẹ́.

"El Sauz ló kù," ẹnìkan ní.

"Ṣebí àrùn ti mú ihò kẹsàn-án," Filemón ní.

"Àrùn wo?" Obdulia yíjú sí mi. "Sátidé ni mo gbé àpò níbẹ̀. Ihò kẹsàn-án ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun."

Gbogbo wọn wò mí. Filemón kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó rọra ní, "Nabor, kí ló wà láàárín ìwọ àti pápá yẹn?"

Mo ní eruku wọ mi lọ́fun. Mo dìde, mo lọ bu omi mu, mi ò padà jókòó.

Wọ́n ti mú El Sauz. Mọ́ńdè, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún.

Mọ́ńdè, 6 oṣù Karùn-ún

Mo sọ fún Vicenta. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Ṣòkòtò aláwọ̀ igi yẹn," ó ní. "Mo ní kí o gbé e wá kí n rán àpò rẹ̀. O ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́."

"O rántí?"

"Ta ni kì í rántí ṣòkòtò tí ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kó rán? Mo rò pé obìnrin ni o ń tọ́jú owó fún." Ó ju òkúta kan dànù kúrò nínú ẹ̀wà. "Kí lo ń sọ fún mi fún? Ṣé èmi ni wọ́n gba nọ́ńbà lọ́rùn mi?"

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Karùn-ún

Mo dé ẹnu ọ̀nà Don Eleuterio, mo padà.

Sọ́ńdè, 12 oṣù Karùn-ún

Mo wọlé lónìí. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń yí ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní charales padà lórí àwọ̀n. Ó fi àpótí kan hàn mí kí n jókòó. Mo ní kó jẹ́ kí n dúró.

Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ náà láti ilé. Mo fẹ́ sọ pé mo kéré nígbà yẹn. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ṣé ọmọdé nìyẹn? Nígbà tí mo ya ẹnu, ohun tó jáde ni: "Èmi ni mo ju bọ́ọ̀lù kejì sílẹ̀ ní ihò keje. Ó gba àpò ṣòkòtò mi jáde. Ẹ̀yin ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ó yí ẹja mẹ́rin, márùn-ún. Eṣinṣin ń kùn.

"Àpò wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́?"

"Tọ̀tún ni àbí tòsì?"

"Tọ̀tún."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wá nǹkan tó sọnù rí. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń ro ó. Mo wo ọwọ́ gbogbo yín lọ́jọ́ náà. Tìrẹ, ọwọ́ òsì ni mo wò, torí òun ni ò mú àsíá."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, mò ń tẹ ẹja òun. Lóòótọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́.

"Títí ìyàwó mi fi kú," ó ní, "ó ń bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ. Kò fi í ṣe ìjà. Ó kàn ń bi mí, bí ẹni tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo máa ń ní rárá. Ó máa ń ní ó dáa." Ó fi àwọ̀n kejì bo ẹja náà. "Máa lọ sílé, Nabor."

Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì máa gbé àpò rẹ̀. Mi ò lójú láti béèrè.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Karùn-ún

Àwọn kòkòrò òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí òkè. Òjò kù bí oṣù kan. Don Eleuterio kò ránṣẹ́. 

Mọ́ńdè, 20 oṣù Karùn-ún

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ èyí, ẹ̀gbẹ̀sì oòrùn wà lọ́rùn mi, mo sì fẹ́ kọ ọ́ tán kí n tó wẹ̀.

Agogo méje ni mo dé. Mo ká ẹ̀wù nọ́ńbà kẹrin sínú àpò mi, mi ò wọ̀ ọ́. A tó ogójì. Ọmọ Don Eleuterio fi ọkọ̀ gbé e wá. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu géètì, ó dúró, ó wo inú pápá fún ìgbà díẹ̀, ó wá fẹsẹ̀ òsì, èyí tó dára, wọlé.

Filemón ní kí olúkúlùkù dárúkọ ẹni tó ń gbé àpò fún un. Ó kan Don Eleuterio.

"Nabor ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá yín sọ ná."

Kò tíì sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá mo lè rí àánú díẹ̀ níbẹ̀. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

Mo sọ ọ́. Ogójì ènìyàn. Mo sọ àpò, mo sọ esùsú, mo sọ àsíá tí mo dì mú. Kò gùn. Ohun tí mo fi ọdún méjìlélógún gbé, kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu ife kọfí kan lọ. Àwọn kan tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ wọn níṣẹ́ ń wo ilẹ̀. Filemón bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún dé e.

"Àrùn ihò kẹsàn-án nìyẹn o," Obdulia ní. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun pàápàá kò rẹ́rìn-ín.

Don Eleuterio dìde. "Nọ́ńbà rẹ dà?"

"Ó wà nínú àpò mi, Don Eleuterio. Ẹ̀yin ni mo mú un wá fún."

"Kí n fi ṣe kí ni? Kí n wọ̀ ọ́ sùn? Èmi ni mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Ẹni tó ń gbé àpò ló ń wọ nọ́ńbà. Wọ̀ ọ́."

Mo wọ̀ ọ́ níṣojú gbogbo wọn. Mo gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Kò wúwo, ọ̀pá méje péré ni.

Ihò mẹ́jọ la rìn, kò bi mí ní ohunkóhun. Kò béèrè ìṣísẹ̀, kò béèrè ọ̀nà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ó ń ta ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fa ọ̀pá tó wù ú yọ fúnra rẹ̀, bí ẹni pé igi ni mí tí wọ́n so àpò kọ́. Ní ihò keje, ó rìn lọ sẹ́bàá esùsú. Omi ti fà sẹ́yìn, ilẹ̀ ibẹ̀ ti là. Ó dúró síbi tó dúró sí lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wo ibi tí èmi wà. Ó sún díẹ̀ sí ọ̀tún, ó tún wò. Ó wá padà wá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ihò kẹsàn-án ló kẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ẹrẹ̀ adágún wà. Bọ́ọ̀lù tó bá kọjá ihò, ó lọ nìyẹn. Àwọn tó ti gbá tiwọn tán ti pé jọ síbẹ̀, wọ́n ń wò wá. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà láàárín ojú ọ̀nà. Ó fún ojú pọ̀ kí ó lè rí àsíá. Kò rí i.

"Mélòó?" Òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ lórí pápá.

Mi ò nílò ìwé. "Àádọ́fà, Don Eleuterio."

Ó wò mí. Ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ibi ihò, ó ń kà á sókè, ẹsẹ̀ tó dára, ẹsẹ̀ tí kò dára. Bí wọ́n bá nà mí níwájú wọn, kò ní dùn mí tó bí ó ṣe dùn mí láti máa gbọ́ iye tó ń kà. Ó dé ìdí àsíá, ó rìn padà wá, ó ń mí gulegule.

"Àádóje ni," ó ní. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá karùn-ún, èyí tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ jìnnà ju ti keje.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Pápá ò gùn sí i. Bí ó bá fi ọ̀pá karùn-ún gbá a, inú ẹrẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀ máa lọ, níṣojú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo máa sọ fún un pé ó ṣìrò? Èmi yìí? Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Mo mọ bí a ṣe ń dákẹ́ ní pápá yìí.

Mo di àpò mú, mi ò jẹ́ kó fa ọ̀pá náà yọ.

"Don Eleuterio, ìṣísẹ̀ yín ti kúrú."

Ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo bàtà, bí ẹni tó rí àlejò nílé.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, sà. Orúnkún ni. Àádọ́fà ni ibẹ̀, ọ̀pá keje ni."

Ó tún wò mí, ojú rẹ̀ kò yẹ̀ lójú mi. Ó wá jọ̀wọ́ ọ̀pá karùn-ún, ó na ọwọ́, kò fà á yọ fúnra rẹ̀. Ó ń dúró dè mí. Mo gbé ọ̀pá keje lé e lọ́wọ́.

Ó gbá a. Kò ga púpọ̀. Ó bọ́ síwájú koríko kíkúnná, ó yí, ó dúró. Àwọn ènìyàn hó. Òun kò rí ibi tó dúró sí, ó ń fi etí wá a.

"Mélòó ló kù?"

"Ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ihò."

"Tèmi ni, àbí tìrẹ?"

"Tèmi ni. Tiyín á jẹ́ márùn-ún."

Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ìdí bọ́ọ̀lù, ó ní kí n rìn ín níwájú òun, kí n kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Mo gbé àpò rẹ̀ lé èjìká, nọ́ńbà rẹ̀ wà láyà mi, mo kà á.